Ìrìbọmi kọ́, lẹ́ǹsì òróró ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún màíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tó ń mú kí ohun tíntìntín hàn ní ńlá: "àfojúsùn" fún bí a ṣe ń mú kí àwòrán mọ́, "lẹ́ǹsì ìrìbọmi" fún èyí tí à ń kán òróró sí, àti "akómọ́lẹ̀jọ" fún dígí tó wà lábẹ́ pèpéle ẹ̀rọ náà. Èmi ò fara mọ́ méjì àkọ́kọ́.

Àfojúsùn ti níṣẹ́ tirẹ̀: ohun téèyàn ń lépa ni. Nídìí màíkírósíkóòpù, àlàfo tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti ohun tí à ń wò là ń dín, tàbí ká fẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Lẹ́ǹsì onílọ́po 10, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá nígbà 10, ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Yóò yí kókó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà títí nǹkan á fi yọ fírífírí, á wá máa fi kókó kékeré tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí etí sẹ́ẹ̀lì yóò fi dá ṣáká. Kí ló dé tí a ò kúkú pè é ní ìmúdáṣáká? Ó gùn díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa gbọ́ ọ tí yóò béèrè ìtumọ̀?

Ti ìrìbọmi ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ta la fẹ́ ṣèrìbọmi fún? Lẹ́ǹsì ọ̀hún kì í rì sínú nǹkan kan. Ẹ̀kán òróró kan là ń kán sórí dígí tí ohun tí à ń wò wà, a ó wá yí lẹ́ǹsì onílọ́po 100 wá, kí ẹnu rẹ̀ fara kan òróró náà. Àlàfo ibẹ̀ kì í sábà tó ìdá mẹ́rin mìlímítà kan, ìdí nìyẹn tí a kì í fọwọ́ kan kókó ńlá mọ́, kí lẹ́ǹsì má baà fọ́ dígí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni pé lẹ́ǹsì tí à ń lo omi sí wà lóòótọ́. Amici, ará Ítálì tó ń ṣe màíkírósíkóòpù, ti ń ṣe irú rẹ̀ kí onímọ̀ físíìsì Ernst Abbe àti Zeiss, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe lẹ́ǹsì, tó gbé ti òróró jáde ní Jámánì ní 1878. Bí a bá ti fi "ìrìbọmi" fún olóròóró, kí la ó wá pe olómi?

Òróró ni mo wí, n ò pè é lépo, torí epo pupa ló máa ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn, èyí sì mọ́ gaara. Iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju pé kó gba ipò afẹ́fẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú dígí bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ṣe ló máa ń yà bàrá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò sì ní í dé ẹnu lẹ́ǹsì. Ìwọ̀n tí dígí fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.52, ti òróró jẹ́ 1.515, ti afẹ́fẹ́ ò ju 1 lọ. Bó bá ti inú dígí bọ́ sínú òróró, ìmọ́lẹ̀ ò tiẹ̀ ní í mọ̀ pé òun ti kúrò nínú dígí.

Akómọ́lẹ̀jọ ní tirẹ̀, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí a bá ti ń lo lẹ́ǹsì òróró, ká gbé e sókè dáadáa, ká sì ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rọ́nà wọlé.