Olùdíje ní òun ṣe sójà: ìwé wo ló ń yanjú àríyànjiyàn náà?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ológun Tim Walz, tó díje fún ipò igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà ní 2024, kò tíì tán lórí WhatsApp láti ìgbà ìdìbò náà. Àwọn kan ní irọ́ ni oyè command sergeant major (oyè ọ̀gá sájẹ́ǹtì) tó ń jẹ́, àwọn kan ní oyè rẹ̀ ni. Àwọn kan ní ó sá fún ogun Iraq, àwọn kan ní kò sẹ́ni tó pè é sógun nígbà tó fẹ̀yìn tì. Oníkálukú ń ju àwòrán ìwé sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé wo gan-an ló ń dáhùn ìbéèrè wo? Ṣé ẹni tí kò bá olùdíje tan lè béèrè fún un? Ti Buhari ní 2015 ńkọ́, ṣé ọ̀ràn kan náà ni?

Akọ̀wé_Àgọ́:
DD 214 ni gbogbo ayé mọ̀, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìwé tí sójà Amẹ́ríkà ń gbà ni nígbà tó bá parí sáà tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun lójoojúmọ́. Àpótí 4 ni ipò tó wà lọ́jọ́ tó ń jáde. 11 ni iṣẹ́ tó ṣe gan-an: oníbọn, awakọ̀, akọ̀ròyìn. 12 ni ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, 12f sì ni iye àkókò tó lò nílẹ̀ òkèèrè. 13 ni àmì ẹ̀yẹ. Ẹ má fo 18, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n rán an lọ sí. 24 àti 28 ni irú ìjáde àti ìdí rẹ̀. Bí àwòrán tó dé ọwọ́ yín kò bá ní 23 títí dé 30, ẹ má tíì pariwo pé wọ́n gé e. Bí ẹ̀dà Member-1 ṣe rí nìyẹn, Member-4 ló ní gbogbo rẹ̀. Àtúnṣe sì ní ìwé tirẹ̀, DD 215. Ẹni tó bá ka 214 nìkan lè máa jà lórí ohun tí wọ́n ti tún ṣe.

Ohun tó dá ti Walz rú ni pé inú National Guard ló wà fún ọdún 24, ní Nebraska lákọ̀ọ́kọ́, ní Minnesota lẹ́yìn náà. Ọmọ Guard ní iṣẹ́ tirẹ̀ nígboro, òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù ló ń lọ fún ìdálẹ́kọ̀ọ́, DD 214 kì í sì í ka ìyẹn. NGB 22, ìwé ìjáde ti Guard fúnra rẹ̀, ló ń kà á. Ẹni tó bá gbé DD 214 olóṣù mélòó kan jáde pé "ṣé ẹ rí i, kò pẹ́ níbẹ̀ rárá", ìwé tí kò kan ọ̀rọ̀ ló mú dání.

Ní ti oyè, wọ́n fi í ṣe command sergeant major, ó sì ṣe iṣẹ́ ipò náà. Ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ Sergeants Major Academy tó rọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà master sergeant, oyè tó kéré sí i, ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ní ó ti wà nípò náà rí kò parọ́. Ẹni tó bá ní ipò náà ló bá fẹ̀yìn tì kò sọ òótọ́, ìkànnì ìpolongo wọn fúnra rẹ̀ sì yí gbólóhùn náà padà ní oṣù kẹjọ 2024.

Ní ti Iraq, ẹ to ọjọ́. 10 oṣù kejì 2005: ó forúkọ sílẹ̀ láti díje fún ilé aṣòfin àpapọ̀. Oṣù kẹta: ìpolongo rẹ̀ fi ìwé síta pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n pe àwọn ọmọ Guard Minnesota láàárín ọdún méjì. 16 oṣù karùn-ún: ó fẹ̀yìn tì. Oṣù keje: ìkìlọ̀ ìmúrasílẹ̀ dé sí báàtálíà rẹ̀. Oṣù kẹjọ: àṣẹ dé. 2006 ni wọ́n tó gbéra. Nítorí náà kò sá fún àṣẹ kankan, ó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó dé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan, ibẹ̀ sì ni mo ti ń fi àwọn tó ń jà sílẹ̀. Gbólóhùn rẹ̀ ti 2018 pé òun gbé ìbọn lójú ogun ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Italy ni wọ́n rán an lọ ní 2003. JD Vance tó bá a du ipò igbákejì ààrẹ dé Iraq lóòótọ́, akọ̀ròyìn Marine sì ni níbẹ̀.

Olùtọ́jú_Fáìlì:
Akọ̀wé ti ṣe bẹbẹ. Ẹ jẹ́ n mú ti bíbéèrè.

Ẹni tí kò bá a tan lè béèrè, àmọ́ kì í ṣe gbogbo fáìlì ni wọ́n máa fún un. National Personnel Records Center, ilé tí wọ́n ń kó fáìlì àwọn ológun pamọ́ sí ní St. Louis, Missouri, ni ẹ máa kọ̀wé sí, yálà pẹ̀lú Standard Form 180 tàbí lẹ́tà tó dárúkọ òfin FOIA, òfin tó fún ènìyàn láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún bó ṣe ń jẹ́ nígbà náà (ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó), ẹ̀ka ológun, àti ọdún tó wọlé àti èyí tó jáde. Wọ́n máa fún yín ní ọjọ́ iṣẹ́, ipò, ibi tí wọ́n pín in sí, ẹ̀kọ́ ológun àti àmì ẹ̀yẹ. Wọn kò ní fún yín ní ìwé ìlera, nọ́ńbà Social Security, àdírẹ́sì, tàbí irú ìjáde tó gbà, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Tó bá ti pé ọdún 62 tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì náà di ti gbogbo ènìyàn. Fún ọmọ Guard, ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀.

"A kò rí fáìlì" kò túmọ̀ sí pé onítọ̀hún kò ṣe sójà. Iná sọ níbẹ̀ ní 12 oṣù keje 1973, fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 ló jóná: nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ti Army tó jáde láàárín 1912 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1960, àti ìdá 75 ti Air Force láàárín 1947 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1964, àwọn tí orúkọ wọn tẹ̀ lé Hubbard, James E. nínú tò-lẹ́sẹẹsẹ. Olùdíje tó ṣiṣẹ́ ní 1990 tó ní iná jó ìwé òun, ẹ bi í pé iná wo.

Ilé iṣẹ́ náà máa ń ṣi ọwọ́ nígbà mìíràn. Ní 2025, wọ́n kó fáìlì Mikie Sherrill, tó ń díje fún gómìnà New Jersey, lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà Social Security rẹ̀ tí wọn kò bò. Bí irú rẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ má gbé e sórí ìkànnì.

Pápá_Àgbà:
Ẹ̀yin méjèèjì ti gbàgbé ẹjọ́ tó wọ́pọ̀ jù nínú Guard: ṣé ó ń wá síṣẹ́? Máàkì ìfẹ̀yìntì ló ń dáhùn ìyẹn, NGB 23 ni ẹ máa wá. Òpin ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ máàkì 4, ọjọ́ 15 ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún jẹ́ 15, wíwà nínú ẹgbẹ́ lásán jẹ́ 15. Ọdún tí kò bá pé 50 kì í wọ inú ìṣirò ìfẹ̀yìntì. Lórí irú máàkì báyìí àti ìwé owó oṣù ni wọ́n ti ń bá George W. Bush fà á ní 2004, nítorí ọdún 1972 sí 1973 tó lò nínú Guard Texas. Kàkà kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS dúró síbẹ̀, wọ́n gbé àwọn ìwé tí wọ́n ní ọ̀gá rẹ̀ Killian kọ jáde ní 8 oṣù kẹsàn-án. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ènìyàn ti ń tọ́ka sí lẹ́tà tó fẹ̀ síra bíi ti kọ̀ǹpútà àti "th" kékeré tó gòkè sókè. Ẹ̀dà fótókọ́pì ni, kò sí ojúlówó tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, CBS ní àwọn kò lè jẹ́rìí sí i. Láti ọjọ́ náà, ìwé ayédèrú ni gbogbo ayé ń sọ, ìbéèrè máàkì sì wọ ilẹ̀.

Fún àmì ẹ̀yẹ, irọ́ lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀. Xavier Alvarez, ọmọ ìgbìmọ̀ omi ní California, ní òun gba Medal of Honor, àmì ẹ̀yẹ ológun tó ga jù lọ níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé òfin tí wọ́n fi mú un ní 2012. Òfin tuntun ti 2013 ní kí irọ́ náà tó di ẹ̀ṣẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún fi wá owó tàbí èrè tó ṣeé fọwọ́ kàn.

Adájọ́_Òde:
Ti Buhari yàtọ̀ pátápátá. Kò sẹ́ni tó jiyàn pé ó ṣe sójà. Ìwé ẹ̀rí ìwé mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú fáìlì sójà. Ó búra fún INEC pé ìwé ẹ̀rí òun wà lọ́wọ́ àwọn ológun. Ní 20 oṣù kìíní 2015, agbẹnusọ ológun, Ọ̀gágun Olajide Laleye, ní kò sí ojúlówó, kò sí ẹ̀dà, kò sí ìwé èsì nínú fáìlì náà. Àkọsílẹ̀ fọ́ọ̀mù 199A nìkan ló sọ pé ó yege ní 1961. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìwé rẹ̀ ní Katsina gbé èsì jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ka abala 318 òfin ìlú wa: ìwé mẹ́fà, iṣẹ́ ọdún 10, ẹ̀kọ́ tó pé ọdún kan lápapọ̀, àti kíkà, kíkọ, gbígbọ́ àti sísọ òyìnbó tó tẹ́ INEC lọ́rùn, ó ti tó. Lábẹ́ òfin ìdìbò 2022, ẹni tó bá kópa nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ kan náà ló lè gbé irú rẹ̀ lọ ilé ẹjọ́ nígbà náà, láàárín ọjọ́ 14 tí òfin ìlú wa fi lélẹ̀. Ẹni tó bá pe ẹjọ́ lọ́jọ́ 15, wọ́n á dá a padà láìgbọ́ ọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá wá ní iṣẹ́ àṣírí lòun ṣe, pé ìdí nìyẹn tí kò fi sí nínú ìwé ńkọ́?

Akọ̀wé_Àgọ́:
J.R. Majewski, tó díje fún ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Ohio ní 2022, sọ bẹ́ẹ̀ nípa Afghanistan. Ìwé tí ilé iṣẹ́ ìròyìn AP rí fi hàn pé oṣù mẹ́fà ló lò ní Qatar, tó ń di ẹrù sínú bàálù. Àṣírí lè bo iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, ṣùgbọ́n àkókò ilẹ̀ òkèèrè ṣì máa wà ní 12f. Ẹ tún wo bóyá Afghanistan Campaign Medal wà ní 13: ọjọ́ 30 léraléra, tàbí 60 ní wọ́nwọ́n, nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n sábà fi gbà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó balẹ̀ ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá ní òun gbé ibẹ̀ jagun fún oṣù púpọ̀ kò rí ibi fi ìyẹn sí.