Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa kò wálẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ẹlẹ́ja: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá wa ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Èkó ló wà, kì í wálé, àmọ́ ó ra ẹ̀rọ BP tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ránṣẹ́, ó wá ń pè mí láràárọ̀ bí ọ̀gá: "Mélòó ni?" Bí mo bá sọ, á ní mi ò tọ́jú Màámi. Ìyàwó rẹ̀ ní iyọ̀ ni mò ń fún wọn jẹ. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ wọn lọ́tọ̀! Màgí nìkan ni mò ń fi sí i. Nọ́ọ̀sì tún jágbe mọ́ wa lọ́jọ́ tí a lọ. Ó ti sú mi. Kí ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ohun tá a nílò. Mélòó ni tòkè, mélòó ni tìsàlẹ̀? Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?

Ìyá Ìbejì: Iyọ̀ ni màgí o! Iyọ̀ ló kó nǹkan bí ìdajì kúùbù kan, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré, ẹ sì gbọ́dọ̀ ka ti màgí, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ mọ́ ọn. Àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti irú tí wọn ò fi iyọ̀ sí lè mú ọbẹ̀ dùn.

Ọmọ Ẹlẹ́ja: 168 lórí 98 lánàá. Ọdún 63. Amlodipine mílígíráàmù 5 ni wọ́n kọ fún wọn. Bí wọ́n bá ti ọjà dé ni mo ń wọ̀n ọ́n, torí wọn kì í jókòó lẹ́yìn ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Iye yẹn ò ṣe é gbára lé. Kí wọ́n kọ́kọ́ tọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ẹ gbé apá wọn lé tábìlì kó ṣe déédéé àyà. Ẹ bọ́ apá bùbá kúrò, ara gan-an ni kí ẹ di bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí apá bá tóbi tí bẹ́líìtì kéré, iye tí ẹ máa rí á ga ju òótọ́ lọ. Láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7.

Bàbá Ṣadé: Omi ewúro àti aáyù ni kí ẹ fún wọn. Oògùn òyìnbó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Apòògùn: Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́, òun náà ló ń fa rọpárọsẹ̀. Olùbéèrè, ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lo amlodipine? Ṣé oògùn mìíràn wà?

Ọmọ Ẹlẹ́ja: Bí orí bá ń fọ́ wọn ni wọ́n ń lò ó. Ta ló ń gbé oògùn mì nígbà tí ara rẹ̀ le? Ó tún ń mú ẹsẹ̀ wọn wú. Kò sí oògùn mìíràn, àfi ti orúnkún tí wọ́n ń rà lọ́jà, oríṣi mẹ́ta nínú ọ̀rá kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ o! Wọ́n ti ń rìn dáadáa, ojú wọn tiẹ̀ ti kún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Háà! Kí wọ́n da ọ̀rá yẹn nù lónìí!

Apòògùn: Rárá, Nọ́ọ̀sì. Ibuprofen tàbí diclofenac, oògùn ara ríro, sábà máa ń wà nínú irú àdàlù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń mú kí ara dá iyọ̀ àti omi dúró, ẹ̀jẹ̀ á sì ga. Àmọ́ ojú tó kún yẹn ló ń bà mí lẹ́rù: prednisolone tàbí dexamethasone lè wà níbẹ̀, ìyẹn oògùn sitẹ́rọ́ìdì tó ń mú ojú kún, tí òun náà ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà sókè. Bó bá ti pẹ́ lára, tí wọ́n já a dúró lójijì, èèyàn lè dákú, torí ara ti gbàgbé bó ṣe ń pèsè sitẹ́rọ́ìdì tirẹ̀. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó ti tó ìgbà wo?

Ọmọ Ẹlẹ́ja: Láti ìgbà òjò tó kọjá. Ẹ má dá mi lẹ́bi, orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kùtùkùtù ọ̀la ni kí ẹ lọ o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbé ọ̀rá náà dání, kí dókítà rí i. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà, ìtọ̀ àti kíndìnrín wọn wò. Bí ó bá kọjá 180 lórí 120, tí orí ń fọ́ gan-an, tàbí tí àyà ń ro wọ́n, tàbí tí ojú ṣú, tàbí bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan rọ, iye yòówù kí ẹ̀rọ sọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Ìyá Ìbejì: Ìpínlẹ̀ wo lẹ wà? Láti 2020 ni wọ́n ti mú ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọ àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ní Ògùn àti Kano.

Ọmọ Ẹlẹ́ja: Ògùn ni. A máa lọ. Wọn ò lo amlodipine láti ìjẹta, ṣé kí wọ́n lo méjì lálẹ́ yìí?

Apòògùn: Ẹyọ kan péré. Ẹ má fi ti àná kún tòní. Àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí orí fọ́, bí kò fọ́. Ẹ sọ ti ẹsẹ̀ tó ń wú fún dókítà, ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Ẹ má fúnra yín dá a dúró.