Kọfí olú àti olú ìdí ọ̀gán

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ará mi, ọ̀rọ̀ olú ni mo gbé wá o. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ. Ní Ìkirè, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn á ti jí lọ yẹ ìdí ọ̀gán wò, torí ikán fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ olú yẹn nínú ilé rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọn á fà á tòun ti ìdí gígùn rẹ̀, ìyá mi á fi se ẹ̀gúsí. A ò pè é lóògùn rí.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ dì sí bàbá lẹ́sẹ̀. Dókítà kọ warfarin fún wọn, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bẹ́ẹ̀ ni ojúlùmọ̀ kan gbé kọfí tí wọ́n po olú kan tó ń jẹ́ Ganoderma mọ́ wá (ẹ kúkú mọ̀ wọ́n, àwọn "kó èèyàn méjì wá sábẹ́ rẹ"), ó ní àwọn ará Ṣáínà ti ń mu ún láti ayébáyé, pé kò sí àìsàn tí kì í wò. Èmi ni mo sanwó. Lọ́sẹ̀ kẹta, bàbá ń fọ eyín, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Apá wọn dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n nà. Dókítà bi mí pé kí ni wọ́n tún ń lò. Mo ní kò sí. Ta ló ń ka kọfí mọ́ oògùn? Ìgbà tí mo délé tí mo rí páálí rẹ̀ lórí tábìlì ni àyà mi já. Mo padà lọ jẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè búra pé òun ló fà á, ṣùgbọ́n olú yẹn náà lè máa dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àtidì, ká dá a dúró kíá.

Àgbẹ̀ Olú:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi ń gbin olú tí wọ́n ń pè ní oyster lórí lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bóyá ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà. Oúnjẹ ni mo ń tà: purotéènì wà níbẹ̀, ọ̀rá ò tó nǹkan. Àmọ́ ẹ gé e, ẹ kọjú abẹ́ rẹ̀ sí oòrùn ọ̀sán bíi wákàtí kan kẹ́ ẹ tó sè é, fítámì D á pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìlú Ọba:
Oògùn gidi wà lára olú o. Ní 1977 ni Jàpáànì fọwọ́ sí PSK, oògùn kan tí wọ́n yọ lára olú kan tó ń hù lára òkú igi. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń lò ó níbẹ̀, wọ́n ń fi kún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni, wọn kì í fi rọ́pò rẹ̀. Bí aláìsàn mi bá ní òun ń lo olú, n kì í bá a jà, mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí dókítà rí i. Ẹ̀gbọ́n, bàbá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Wọ́n ti gbádùn. Lánàá wọ́n ní olú ń wu àwọn jẹ. Èmi ò mọ èyí tó lóró yàtọ̀, n ò dán igbó wò. Ọwọ́ ìyá tó ti ń tà á fún wa láti kékeré ni mo ti rà á. Bàbá gbé e símú, wọ́n ní ti ìjẹta ni. Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.