Ṣé kí n fi ọmọ mi sí jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba?

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Amẹ́ríkà, là ń gbé. Wọ́n ti fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 4, láyè ní jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwádìí Yunifásítì Vanderbilt tó jáde ní 2022 ló ń kọ mí lóminú: nígbà tí àwọn ọmọ tó lọ sírú rẹ̀ ní Tennessee fi dé kíláàsì kẹfà, máàkì wọn kéré sí ti àwọn tí kò ráyè wọlé. Ní ìlú Boston ẹ̀wẹ̀, ìwádìí mìíràn fi hàn pé máàkì ìdánwò ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó lọ ló wọ yunifásítì jù.

Mo ti lọ wo kíláàsì náà. Olùkọ́ wọn ṣèèyàn gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ pẹ́ lórí ìjókòó. Ọmọkùnrin kan kàn ń tú okùn bàtà rẹ̀ ni. Agbára wa ò ká iléèwé aládàáni. Màmá mi wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n máa ń pàlọ́ fún un, wọ́n sì ní àwọn á mójú tó o.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti gba ibẹ̀ kọjá, ṣé kí n fi í síbẹ̀ ni, àbí kó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà di ọdún tó ń bọ̀?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.