Ọyẹ́ ń wọ inú ọkọ̀ tí mò ń sùn sí, n kò rí ibi tó ń gbà wọlé

Aláṣọ Kétu

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mò ń tà. Kétu ni mo ti ń gbéra, mo sì ń ná ọjà títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pàrákú. Àbúrò mi tó wà ní Faransé fi ọkọ̀ oníbùsùn kan ránṣẹ́ sí mi gba èbúté Kútọnu, èyí tí wọ́n ń pè ní camping-car. Ibùsùn wà lẹ́yìn, síńkì, sítóòfù gáàsì àti fíríìjì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹrù aṣọ mi wà lábẹ́ ibùsùn. N kò sanwó òtẹ́ẹ̀lì mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbà á.

Ọyẹ́ ló wá fẹ́ ba ayọ̀ mi jẹ́. Ọ̀sán ń móoru, ṣùgbọ́n tó bá di ìdájí, pàápàá tí mo bá gúnlẹ̀ sí Ṣábẹ̀ẹ́ nítòsí àwọn òkè yẹn, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ lu ẹsẹ̀ mi lórí ibùsùn. Mo ti gbogbo fèrèsé, mo gbé ọwọ́ sí etí wọn, n kò gbọ́ kó fẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin mi máa ń bá mi lọ nígbà ìsinmi, ó ti ń wúkọ́. Eruku náà ń wọlé. Léèsì funfun tí mo dì sínú ọ̀rá, gbogbo ibi tí ọ̀rá ti ya ló ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ẹnì kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní kí n ra fóòmù inú agolo, kí n fi dí gbogbo ihò tí mo bá rí lára ọkọ̀ àti lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tá a jọ ń tajà ní tòun, kí n kàn gbé ìkòkò èédú tó ti ràn wọlé kí a tó sùn. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Awakọ̀ Àjàṣẹ́

Ìyá wa, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé èédú wọ inú ọkọ̀ tí ẹ tì pa! Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ojú kò sì rí i. Ẹni tó bá ti sùn kò ní mọ̀ títí tí yóò fi pa á.

Iwájú níbi tí ẹ ti ń wa ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ihò dáṣíbọ́ọ̀dù wọlé, ó ń gba ìdí bíréèkì àti ìdí ọ̀pá sítíarín. Kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yí bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ sí èyí tó ń yí ti inú ọkọ̀ po, kì í ṣe èyí tó ń fa ti ìta, kí ẹ sì pa àwọn ihò dáṣíbọ́ọ̀dù dé. Kò ná yín ní sẹ́fà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ta aṣọ tó nípọn sáàárín iwájú àti ibùsùn, kó gùn kanlẹ̀.

Oníṣẹ́ Ọkọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Ìyá aláṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ara ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe níbí, ọ̀rọ̀ yín sì ká mi lára nítorí ọmọ yẹn.

Ẹ má tíì nu eruku yẹn, òun ló máa júwe ọ̀nà fún yín. Ibi tí ọyẹ́ bá ń gbà wọlé, eruku á fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i. Nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé wá bá mi, ìlà náà jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù síńkì, ó lọ tààrà dé abẹ́ ibùsùn. Nígbà tí mo yọ pákó, ihò tí wọ́n lu fún páìpù omi fẹ̀ débi pé àtàǹpàkò mi wọ ẹ̀gbẹ́ páìpù náà. Ibẹ̀ ni òtútù ti ń wá, fèrèsé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Fún ilẹ̀kùn, ẹ ki bébà sí ẹnu rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ fa bébà náà. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ibẹ̀ kò fún mọ́. Èyí tí mo fẹ́ràn jù rèé: ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ tan fáànù iwájú dópin, kó máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, kí ẹnì kan wá máa fi omi ọṣẹ pa etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti ìta. Ibi tó bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ló ń gbà wọlé lóru.

Ní ti fóòmù, ẹ má gbà láti dí gbogbo ihò. Àwọn kan wà ní ilẹ̀ ọkọ̀, nítòsí sítóòfù àti àpótí gáàsì, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń lọ, ihò yẹn ló sì ń gbà jáde. Tí ẹ bá dí i, inú ọkọ̀ ni gáàsì máa kó jọ sí. Ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ orí òrùlé, ẹ má sì dí ojú àwọ̀n fíríìjì tó wà lára ọkọ̀ níta. Tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ẹ̀yìn fíríìjì wọlé, àlàfo tó wà láàárín fíríìjì àti pákó inú ni kí ẹ dí.

Ihò páìpù àti ti wáyà ni tiyín. Sílíkónì tó fún un. Rọ́bà ilẹ̀kùn tó bá ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó bá ṣì rọ̀, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi epo ọkọ̀ pa á, ó ń jẹ rọ́bà. Nígbà mìíràn rọ́bà dára, irin tí ilẹ̀kùn ń há mọ́ ló ti yẹ̀. Ẹ tú súkúrù rẹ̀, ẹ tì í sínú díẹ̀.

Ẹ rántí gíláàsì iwájú náà. Òun kì í jò, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó bá kàn án lóru á tutù, á sì ṣàn wálẹ̀ wá bá ẹsẹ̀ yín. Ẹ fi nǹkan tó nípọn bò ó. Àríwá ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ẹ má kọ ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn wà síbẹ̀ tí ẹ bá ń gúnlẹ̀.

Aláṣọ Kétu

Ọlọ́run á bù kún yín. Bí ẹ ṣe wí ló rí, ìdí páìpù síńkì ni, òmíràn tún wà níbi tí wáyà iná ẹ̀yìn ti wọlé. Mo ti fi sílíkónì dí méjèèjì, aṣọ òfì àtijọ́ kan ni mo ta sẹ́yìn àga awakọ̀. Ọmọ sun oorun àsùnwọra. Mo rí àwọn ihò ilẹ̀ tí ẹ sọ lábẹ́ sítóòfù, n kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n eku ń kọ́? Ṣé mo lè fi nǹkan bò ó?

Oníṣẹ́ Ọkọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Àwọ̀n onírin, èyí tí ojú rẹ̀ là dáadáa, ni kí ẹ fi súkúrù dè mọ́ ọn láti abẹ́. Kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe kànìnkànìn. Kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́, torí ó máa ń dí.