Sẹ́ẹ̀tì yìí, ta ló ti kó sí wàhálà rí?

Ọmọ Aláré: Ẹ kú ilé o. Ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ti 1989 fún "set" ní ìtumọ̀ 430. Ó jọ pé gbogbo ẹ̀ la ń lò ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹ sọ tiyín.

Télọ̀ Ìmọ̀wò: Háà! Oníbàárà mi kan ní "Mọ̀mí, ẹ bá mi rán sẹ́ẹ̀tì mi fún Ojúde Ọba." Mo rán sẹ́ẹ̀tì kan tó pé: ìró, bùbá, ìborùn. Nígbà tí Iléyá dọ̀la, ó ní aṣọ àwọn yòókù dà? Àṣé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí wọn, lódindi ló ń pè bẹ́ẹ̀! Ariwo tó pa ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ náà, ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Bíríkìlà: 😂😂😂

Dúdúyẹmí: Aṣọ èèyàn mélòó ló gbé wá fún yín?

Télọ̀ Ìmọ̀wò: Ti ẹnì kan. Ó ní ìyókù ń bọ̀ lọ́nà.

Dúdúyẹmí: Ẹ sì mọ̀ pé ìyókù ń bọ̀. Ẹ̀yin télọ̀!

Ìyá Ìbejì: Ẹ bá mi bi wọ́n o. Aṣọ ọdún tèmi, ẹ̀yìn ọdún ni mo máa ń gbà á.

Bàbá Pòròpórò: Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kì í ṣe sẹ́ẹ̀tì. Àwọn tẹ́ ẹ jọ jáde ilé-ìwé ni sẹ́ẹ̀tì yín. Ọdún tí wọ́n bí èèyàn la fi ń mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tiẹ̀, ìwé ò bá a tan. Ọba Adétọ̀nà ló tún gbé e dìde, kì í ṣe olùkọ́ kankan.

Ṣadé Onírun: Ẹ ò mẹ́nu ba irun sísẹ́ẹ̀tì.

Bíríkìlà: Mo ṣe pèpéle fún màmá kan l'Ódògbolú, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni débẹ̀, kọnkéré ò tíì sẹ́ẹ̀tì. Mo dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ti bá mi sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Wọ́n ti to àga mẹ́fà sórí ẹ̀! Ihò ẹsẹ̀ àga ṣì wà níbẹ̀ di báyìí.

Kò Sọ Orúkọ: Wọ́n ti sẹ́ẹ̀tì èmi fún ọlọ́pàá rí. Ẹ má bi mí.

Ìyá Ìbejì: A ó bi yín o!

Tísà: Ẹ gbọ́, "run" ti gba ipò lọ́wọ́ "set". Nínú àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe sí ìwé yẹn, ìtumọ̀ 645 ló ní, nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan.

Dúdúyẹmí: Ta ló jókòó kà á?

Ọmọ Akárígbò: Ẹ̀yin ará Òde, ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì náà lẹ tún sọ di Ojúde Ọba.

Bàbá Pòròpórò: Inú ń bí Rẹ́mọ.

Ọmọ Akárígbò: Inú kẹ̀? Ṣé ẹ lè ti Èkó wálé láìgba Ṣàgámù?

Bíríkìlà: Ẹ̀pẹ́ ńkọ́? Ìtòìkín ńkọ́?

Ọmọ Akárígbò: Ẹ gba Ìtòìkín. Tẹ́ ẹ bá délé lọ́tùn-únla, ẹ pè wá.