Wọ́n ti dá àkáǹtì dátábéèsì òfin mi dúró, ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí n kó iṣẹ́ ilé ìwé mi lọ fún olùkọ́, ẹ gbà mí

Àkàndé_Òfin: Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Láti àná ni mo ti ń tẹ password, ohun kan náà ló ń jáde, wọ́n ti dá àkáǹtì mi dúró. Mo pe láíbìrì, obìnrin tó gbé e ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí n kọ ímeèlì, mo kọ ọ́, wọn ò dáhùn. Mo ti kọ ojú ewé 18, àwọn kéèsì tó kù tí mo fẹ́ kà wà nínú dátábéèsì náà, ọ̀rẹ́ mi kan tí kì í tiẹ̀ í wá sí kíláàsì, tiẹ̀ ń ṣí! Kí la wá ń sanwó ilé ìwé fún? Inú ń bí mi débi pé mi ò sùn lóru àná.

Ìyá_Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Dátábéèsì wo ni? Iṣẹ́ kí ni? Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an?

Bọ̀dá_Lọ́yà: Nígbà tiwa, ìwé Law Reports, àkójọ ìdájọ́ kóòtù, la máa ń gbé kalẹ̀, màá gé pépà há ojú ewé mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́jọ́ kan mo lọ mu omi, kí n tó dé ẹnì kan ti yọ gbogbo pépà yẹn, ó kó ìwé padà sórí àjà. Mo sunkún. Lọ sí láíbìrì, àbúrò.

Tóbi_K: Ní kí AI wá kéèsì fún ẹ jàre.

Ìyá_Ìbejì: Tóbi, má tì í sí kòtò. Ní 2023, nínú Mata v. Avianca ní New York, àwọn lọ́yà kó kéèsì tí ChatGPT hùmọ̀ lọ síwájú adájọ́, ó bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn.

Tóbi_K: Ṣé mo ní kó má yẹ̀ ẹ́ wò ni?

Àkàndé_Òfin: Dátábéèsì tó jẹ́ ò ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ náà, Tort ni, òfin ìpalára tí ẹnì kan ṣe fún ẹlòmíì, lórí duty of care, ojúṣe láti má fi àìbìkítà pa ẹlòmíì lára. Donoghue v Stevenson gan-an mi ò lè ṣí.

Adé_Láíbìrì: Kéèsì ìgbín inú ìgò yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí BAILII, ìkànnì ìdájọ́ kóòtù ti Britain, tẹ [1932] UKHL 100, kò béèrè password. Ti Kánádà, lọ sí CanLII, ti Ọsirélíà, AustLII, ti Amẹ́ríkà, Google Scholar, kó o yan Case law. Ibi tó ti máa nira ni mímọ̀ bóyá kóòtù tó ga jù ti yí ìdájọ́ kan dà, torí náà wá orúkọ kéèsì náà nínú àwọn ìdájọ́ tuntun, kó o ka ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀. Àmọ́ wọn kì í dá àkáǹtì dúró lásán. Ta ló tún mọ password rẹ?

Bọ̀dá_Lọ́yà: Mo ṣì ń sọ ọ́ o, láíbìrì.

Àkàndé_Òfin: Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni. Lọ́yà ni, òun ló ń sanwó ilé ìwé mi, ó ní òun fẹ́ fi wo nǹkan fún kéèsì oníbàárà òun kan. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí. Ṣé kí n kọ̀ fún un ni?

Adé_Láíbìrì: Háà! Ó ti yé mi wàyí. Password akẹ́kọ̀ọ́ wà fún ẹ̀kọ́, kì í ṣe fún iṣẹ́ tí oníbàárà ń sanwó fún, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ jọ lò ó. Obìnrin tó o ń bínú sí yẹn ò ṣẹ̀ ẹ́. Kọ ímeèlì míì lálẹ́ yìí, jẹ́wọ́ fúnra rẹ kí wọ́n tó bi ẹ́, kó o sọ fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ.

Tóbi_K: Má jẹ́wọ́ o! Sọ pé wọ́n jí i ni.

Ìyá_Ìbejì: Tóbi, sinmi! Láíbìrì lè rí ibi tí wọ́n ti ń fi password rẹ̀ wọlé. Ẹni tó fẹ́ di lọ́yà, ṣé irọ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀?

Àkàndé_Òfin: Mo ti gbọ́, ẹ ṣé. Donoghue ti ṣí lórí BAILII, mo ń kà á lọ́wọ́. Ímeèlì náà, màá kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún. Òun ló ń pè mí báyìí, ó ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kò ṣí fún òun náà mọ́, kóòtù sì ń dúró dè òun láàárọ̀ ọ̀la.